Irọ́ Tí Mo Pa fún Dókítà

"Kí ló jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn?" Dókítà bi mí.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìka kan ìpéǹpéjú àbúrò mi ni. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú bí ojú ẹni tí oyin ta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè là á. Nígbà tí dókítà tẹ itan rẹ̀, ó ké. Nígbà tí wọ́n ní kó na apá, kò lè nà án tán. Ara rẹ̀ gbóná débi pé aṣọ tí mo fi bò ó ti rin fún òógùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan ló wá dùbúlẹ̀ gbalaja yẹn.

Màmá wa wà lórí ìlà níta, wọ́n ń gba káàdì. Bàbá wa wà ní ìsọ̀. Èmi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nìkan ló wà níbẹ̀ láti dáhùn.

Mo sọ pé inú ló kọ́kọ́ run ún, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì. Mo sọ pé ó dáwọ́ dúró, tí a sì rò pé ó ti tán, kí ibà àti ara ríro tó dé. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn.

"Ó dáa. Ǹjẹ́ ó jẹ ẹran tí kò jinná? Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ronú dáadáa kí o tó dáhùn."

Mo ronú. Mo rántí abọ́ ẹran lílọ̀ tó máa ń wà lórí tábìlì bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Eléèédú, ọ̀tá ilé wa.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Ẹran ilé wa máa ń jinná. Ṣùgbọ́n ó lọ jẹ adìyẹ sísun lọ́dọ̀ Eléèédú, tó wà lódìkejì títì wa. Ó ní inú ẹran náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ ni. Àbúrò mi kò fi ẹnu kan ẹran Eléèédú rí. Nílé wa, ẹni tó bá jẹun níbẹ̀, kó yáa wá ibi tó máa sùn.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe fún wa. Ẹlẹ́ran ni bàbá mi, wọ́n sì tún ń ṣe sọ́séèjì, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń kì sínú ìfun ẹran. Kò sí ẹni tí kò mọ sọ́séèjì wọn ládùúgbò. Eléèédú ń yan adìyẹ àti ẹran àgùntàn lórí èédú, èéfín rẹ̀ kì í sì í mọ ọ̀nà ilé ẹlòmíràn, àfi tiwa. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ bá àwọn wolé-wolé pé bàbá mi ń ta ẹran tí kò ní òǹtẹ̀ ilé ìpẹran ìjọba. Wọ́n dé, wọ́n tú gbogbo inú fíríjì, wọ́n rí itan ẹran kan tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n sì ti ìsọ̀ wa pa fún ogójì ọjọ́.

Àárín ogójì ọjọ́ yẹn ni ilé-ìwé ń gba owó ìdánwò àṣejáde. A kò rí i san. Àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ìdánwò, wọ́n lọ. Èmi tún padà jókòó sínú kíláàsì kan náà, láàárín àwọn ọmọ tó ń pè mí ní "Àǹtí". Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi wọ aṣọ tuntun kọjá lójú títì wa, Eléèédú dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fẹ́ná. Ó ní, "Ọmọ ẹlẹ́ran, ìwọ ò bá wọn lọ ni?" Ó wá rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Mo búra lọ́jọ́ náà pé wolé-wolé yóò kan ìlẹ̀kùn tirẹ̀ náà. Bí mo bá pàdé rẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, sà" ni mo ń wí. Nínú ikùn mi, nǹkan mìíràn ni mo ń wí.

Ilé ìwòsàn kì í fi irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, wolé-wolé méjì dé ọ̀dọ̀ Eléèédú, wọ́n da omi sí iná rẹ̀, wọ́n sì lẹ ìwé pupa mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ìsọ̀ wa, mo ká apá mọ́ àyà, mo ń wòran. Ọkùnrin náà ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí iṣan ọrùn rẹ̀ dìde.

"Ta ló jẹ ẹran mi tó ṣàìsàn? Ẹ mú un wá kí n rí i! Èmi tí mo máa ń yan ẹran títí egungun á fi máa bẹ̀ mí!"

Bàbá mi yọjú, wọ́n ṣì ń nu ọ̀bẹ mọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn.

"Kí ló ṣe é?" wọ́n bi mí.

"Wọ́n ní ẹran rẹ̀ ò jinná, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀." Wọn kò mọ ẹni tó da eérú yìí. N kò sì sọ fún wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo fi orin fọ àwo.

Àmọ́ ara àbúrò mi kò yá. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, koko ló ń le. Wọ́n ń fún un ní oògùn ibà, ibà kò lọ. Wọ́n rò pé bóyá kíndìnrín ló fa ojú wíwú, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kíndìnrín dára. Ní ọjọ́ kẹrin, dókítà pè mí sí yàrá wọn. Màmá ti lọ sílé lọ gbé oúnjẹ.

"Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ ń sọ ohun tí ẹnu yín kò sọ," ni wọ́n wí. "Oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí aràn bá wọ inú ara. Tirẹ̀ ti pọ̀ kọjá ààlà. Bẹ́ẹ̀, aràn tí mo ní lọ́kàn yìí kì í ti ara adìyẹ wá. Mo bi màmá yín, wọ́n ní ẹ kì í jẹ ẹran tútù nílé. Ìwọ náà, mo tún ń bi ọ́: ǹjẹ́ ó jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù?"

Màmá mi kò parọ́ o. Nílé wa, títọ́wò kì í ṣe jíjẹ. Bàbá mi kì í ki ẹran sínú ìfun láìtọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá ti lọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tán, wọ́n á po iyọ̀, ata àti aáyù mọ́ ọn, wọ́n á fi orí ìka bù díẹ̀ nínú rẹ̀ ní tútù, wọ́n á fi sí àbúrò mi lẹ́nu.

"Ahọ́n, sọ̀rọ̀," ni wọ́n máa ń wí.

"Iyọ̀ kù díẹ̀, Bàbá."

Wọ́n á fi kún un, wọ́n á tún bù fún un, àwọn náà á tọ́ ọ wò. Ó lè tó ìgbà mẹ́ta kí ọmọ náà tó sọ pé, "Ó ti pé." Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Ahọ́n. Bàbá bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ló ní ẹlẹ́ran tó bá ní láti gbé ẹran kaná kó tó mọ iyọ̀ rẹ̀, kó lọ máa ta bàtà.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mo mọ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àbúrò mi tó wọ ilé ìwòsàn, wọ́n ti ilé ìpẹran ìjọba fún àtúnṣe. Bàbá mi lọ ra ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń sìn ín lẹ́yìnkùlé, tó ń fi àjẹkù oúnjẹ bọ́ ọ. Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni wọ́n ti pa á. Kò sí wolé-wolé tó wò ó, kò sì sí òǹtẹ̀ lára rẹ̀. Èmi ni mo bá wọn gbé abọ́ wọlé.

Bí mo bá sọ ọ́, ìwé pupa yóò kúrò lára ìlẹ̀kùn Eléèédú, yóò sì bọ́ sára tiwa. Eléèédú yóò tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa fẹ́ná, yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo rí. N kò rí àbúrò mi tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Adìyẹ yẹn nìkan ni."

Ní ọjọ́ kẹfà, nọ́ọ̀sì kan gbé ohun èlò lé àbúrò mi láyà, ó gbọ́ nǹkan kan, ó sì fi eré lọ pe dókítà. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tó sún mọ́ tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n fi wáyà oríṣiríṣi sí i láyà. Màmá mi jókòó sílẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Síbẹ̀ mo pa ẹnu mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ìsọ̀, tí wọ́n sì wá bá wa. Bí wọ́n ṣe wọlé, gbogbo wa la yíjú sí wọn. Ojú wọn méjèèjì ti wú. Wọ́n ń rìn bí ẹni tí wọ́n lù ní kùmọ̀, wọ́n ní láti àárọ̀ ni gbogbo iṣan ara ti ń ro àwọn.

Dókítà wo bàbá mi, wọ́n wo àbúrò mi, wọ́n tún wo bàbá mi.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà jẹ nínú adìyẹ Eléèédú ni?"

Pẹ̀lú gbogbo ara ríro, bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Kí n jẹun lọ́wọ́ Eléèédú? Kí ni mo gbé, kí ni mo jù? Dókítà, kí ebi kúkú lù mí pa."

"Ọmọ yín jẹ ẹ́."

"Ọmọ tèmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Kò sí ẹni tó dárúkọ mi. Dókítà kàn yí ojú sí mi ni. Màmá mi dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn náà sì ń wò mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan.

"Ó tọ́ ọ wò ní tútù," ni mo wí. "Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó wá láti ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ Bàbá. Ìgbà mẹ́ta ló tọ́ ọ wò. Bàbá náà tọ́ ọ wò. Kò jẹ nǹkan kan lọ́dọ̀ Eléèédú. Mo fẹ́ kí wọ́n ti ilé rẹ̀ pa bó ṣe jẹ́ kí wọ́n ti tiwa ni."

Mo rò pé wọ́n á pariwo. Dókítà kò pariwo. "Ọjọ́ mẹ́fà," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ mẹ́fà la fi ń wá ohun tó wà lẹ́nu rẹ." Wọ́n ti ń kọ̀wé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi àti ti bàbá mi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi èyí tó ń mú kí ara wíwú lọ sílẹ̀ kún un nítorí ọkàn. Wọ́n sì ní kí wolé-wolé lọ gba èyí tó kù nínú ẹran náà nínú fíríjì ìsọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà mú èmi àti bàbá mi lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n ti fi gíláàsì méjì tẹ bíńtín nínú ẹran náà mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọ́n ní kí n wò ó. Mo rí aràn tín-ín-rín kan tó ká jọ bí òwú tí a wé mọ́ra. Kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n pọ̀.

"Bó bá wọ inú ènìyàn, inú ìfun ló ti máa bímọ," ni dókítà ṣàlàyé. "Ìyẹn ló fa inú rírun àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ á wá gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú iṣan: itan, apá, àyíká ojú. Nígbà mìíràn, wọ́n á da ọkàn láàmú."

"Iyọ̀ tí mo fi sí i ńkọ́?" bàbá mi bi wọ́n. "Ata ńkọ́?"

"Iyọ̀ tí ẹ fi ń mú ọbẹ̀ dùn kò lè pa á. Ata kò lè pa á. Èéfín kò sì ṣe é gbára lé. Iná ló ń pa á, Bàbá, kó sì gbóná dé àárín. Ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná, ẹ tì í bọ àárín ẹran; ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ dé dígírì mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹ máa fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ẹ̀rọ ìlọran yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ iyọ̀ rẹ̀, ẹ dín díẹ̀ kó jinná, kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Kò lè gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Ìwé pupa bọ́ sára ìlẹ̀kùn wa bí mo ṣe bẹ̀rù. Wolé-wolé kó àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó kù lẹ́yìnkùlé ọ̀rẹ́ bàbá mi. Wọ́n wá gbogbo ẹni tó ra sọ́séèjì náà kàn. Àwọn tó dín in jinná kò ní nǹkan kan. Aránṣọ kan tó fẹ́ràn kí àárín rẹ̀ ṣì pupa ló ṣàìsàn, wọ́n sì tètè fún un ní oògùn.

Màmá mi kò nà mí. Wọ́n kàn tọ́ka sí òdìkejì títì. "Ìwọ lo máa lọ sọ fún un. Fúnra rẹ."

Eléèédú ń ha eérú lójú ààrò nígbà tí mo dé ibẹ̀. "Ẹ káàsán, sà," ni mo wí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló ṣe é," ló wí. "Bàbá rẹ ni mo rò pé ó jẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ foríjì mí."

"Gbọ́. Nígbà tí mo fi bàbá rẹ sùn, òótọ́ ni mo sọ. Ẹran náà kò ní òǹtẹ̀. Ká ní bàbá rẹ gbọ́ràn nígbà náà ni, ọmọ yẹn ì bá má dùbúlẹ̀. Irọ́ ni ìwọ fi fi mí sùn. Èmi pẹ̀lú rẹ kì í ṣẹgbẹ́." Ó fi irin lu ààrò kí eérú lè bọ́. "Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi pa iná mi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìwọ náà máa dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ẹran, wàá kọ́kọ́ sọ fún un ohun tí o ṣe. Mi ò ní kí o fi iyọ̀ sí i. Òótọ́ lásán ni kí o sọ."

Ó gbẹ̀san, ó sì gbà á dáadáa. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn ọmọ kíláàsì mi dé bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù. Àwọn tí kò ra ẹran rí ń ra itan adìyẹ. "Àǹtí, a ò gbọ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ!" Mo tún un sọ. Eléèédú ń fẹ́ná lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà títí di òní, n kò sì ní í parọ́ fún yín lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo dúró, ọjọ́ mẹ́jọ pé.

Àbúrò mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó padà sílé. Ọkàn rẹ̀ ti ń lù bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣì ń wúwo. Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé girama ti kọjá lórí rẹ̀, àfi kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún kan tí mo ń bá Eléèédú jà lé lórí, mo ti lọ gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi.

Mo ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ra á lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

"Ahọ́n, o wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń parọ́ fún dókítà. Kí ló dé tí o kò já irọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀." Ó gbé èjìká. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ẹ mọ ohun tó máa wò mí sàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́nu ọ̀nà Eléèédú lọ. Mo fi ọwọ́ tó rin fún omi bo ojú, mo sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn mi, bí dókítà bá bi yín léèrè ohun tí aláìsàn jẹ, ohun tó jẹ gan-an ni kí ẹ sọ, ì báà jẹ́ pé ọ̀tá yín ló máa jàǹfààní rẹ̀. Ẹran tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ má rà á. Ẹran tí iná kò dé àárín rẹ̀, ẹ má fi kan ahọ́n, ì báà jẹ́ bàbá yín ló ń fi ìka bù ú fún yín. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn, torí òun fúnra rẹ̀ lè jìn sí i. Èmi gbẹ́ tèmi jìn fún Eléèédú, àbúrò mi ló kó sínú rẹ̀, ó sì rò pé mo wà létí kòtò láti fà á jáde.